Ẹsẹ̀ Dọ́káàsì Nínú Kòtò Epo

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹsẹ̀ tó mọ́ jù ló ń ba epo jẹ́"? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ọ̀dọ̀ opó kan ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Dọ́káàsì ni wọ́n ń pè é. Sílà, ọkọ rẹ̀, gbin ọ̀pẹ mẹ́tàlá, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé epo àkọ́so wọn yóò dé orí pẹpẹ Olúwa. Ọdún tí ọ̀pẹ so gan-an ni ikú mú un lọ. Ẹ̀jẹ́ wá di ti Dọ́káàsì, ìkórè ìjọ sì ku ọ̀la.

Àwọn obìnrin ti se ẹyìn, wọ́n ti gún un, wọ́n ti dà á sínú kòtò ìfúnpo pẹ̀lú omi. Ó ku kí Dọ́káàsì wọ inú rẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́, kí epo léfòó. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé: ẹsẹ̀ tó ti ibojì Sílà bọ̀, ṣé òun náà ni yóò tẹ ohun mímọ́? Ló bá fi ọṣẹ dúdú ra ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ẹkún kò jẹ́ kó ṣan ọṣẹ náà kúrò dáadáa. Ó bọ́ sínú kòtò.

Ó tẹ̀ ẹ́ títí, epo kò yọjú. Omi kàn ń pọ́n, ó ń ki bí ògì.

"Kòtò yìí ló dọ̀tí," ni Dọ́káàsì wí, ló bá ju odindi ọṣẹ sí i.

Ìyá Abíọ́nà, àgbà ìdí epo, figbe ta. "Yéè! Ìyàwó Sílà, aṣọ lo fẹ́ fọ̀ ni? Ìjà epo àti omi ló ń bọ́ wa, o wá fi ọṣẹ là wọ́n níjà!"

"Ìyá, ẹ gbà mí. Kí ni n ó sọ fún Sílà?"

"Ẹ kó iyọ̀ wá! Iyọ̀ nìkan ló lè tún dá ìjà wọn sílẹ̀."

Wọ́n da iyọ̀ ilé Dọ́káàsì, wọ́n da ti Ìyá Abíọ́nà, wọ́n da ti ìyàwó pásítọ̀. Ìfófó ọṣẹ rọlẹ̀ díẹ̀. Epo tó léfòó kò ju ṣíbí mẹ́rin lọ.

Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ gbàdúrà sí epo náà, ó sì tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí. Bó ti ní kó ṣe "Àmín", ìfófó bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ìjọ fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rí Dọ́káàsì lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì.

"Olúwa," ni ó wí, "ọwọ́ ọkọ mi ló gbìn ín, ẹsẹ̀ mi ló bà á jẹ́. Gbà á bẹ́ẹ̀."

Pásítọ̀ kò nu ẹnu. "Ó ti gbà á, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin bá fi ẹsẹ̀ dídán dé ìdí kòtò, wọn á ní kó kọ́kọ́ lọ tẹ erùpẹ̀ wá: ẹsẹ̀ tó mọ́ jù ló ń ba epo jẹ́.