Àgbo Ibà Inú Ìgò Aláwọ̀ Ewé

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti kọjá láyé mi tí n kò lè rántí ohun tí mo jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ kan wà ní Tishigu, àdúgbò wa ní Tamale nílẹ̀ Ghana, tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe báyìí. Mo ti jókòó ti ọba, mo ti bá olè sọ̀rọ̀ ní àtìmọ́lé, mo sì ti dúró níwájú ọlọ́pàá tí kò fẹ́ rí kámẹ́rà. Kò sí èyí tó mú mi làágùn tó àwọn ìyá mẹ́rìnlá tó jókòó sórí ẹní níwájú tẹlifíṣọ̀n ilé wa lọ́jọ́ náà.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Eré àwọn ará Éṣíà ti wọ̀ mí lára. Àwọn eré alá­wòrán láti Japan, mò ń wò wọ́n, bí n kò tilẹ̀ tíì mọ ìdí tí akọni fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo orúkọ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kó tó jù ú. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wo irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní, “Bó bá ti kéde rẹ̀, ṣé ọ̀tá ò ní yẹ̀ ẹ́ ni?” Ìtàn alá­wòrán orí fóònù, tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò fà títí ọbẹ̀ á fi jóná, mò ń kà á náà. Ohun tí mo kórìíra níbẹ̀ ni pé ìgbà tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣílẹ̀kùn ni wọ́n máa ń ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n dírámà àwọn ará Kòríà ni mo fi ọkàn sí. Mo ní èrò lórí rẹ̀ ju èyí tí mo ní lórí ìṣèlú lọ. Èrò mi ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ló dùn jù níbẹ̀, oúnjẹ ni; kò sí ìjà tí wọn kì í jẹun sí. Ẹni tó bá sì wúkọ́ ní apá kejì, ẹ ti lè máa sunkún rẹ̀ sílẹ̀, kò ní rí apá kẹrìndínlógún. Ẹni tí mo máa ń wá jù lọ níbẹ̀ ni ìyá àgbà olówó tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, tí kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹni tó wù ú. Bí kò bá sí ìyá náà, dírámà ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo kó àrùn yìí wọ ilé wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé nígbà náà, mò ń retí iṣẹ́. Mo ra síídì kan ní ọjà ńlá Tamale, apá mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀. Mò ń wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà ń gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wọn kọjá, tí wọ́n rí ọmọbìnrin kan tó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó. Wọ́n gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

“Ọmọ ta nìyẹn?”

“Ọmọ Kòríà ni, Ìyá.”

“Mi ò gbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Wo bó ṣe kúnlẹ̀!”

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó wọn ò kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ìyá Àgbà ò gbọ́ Òyìnbó, Òyìnbó sì ni wọ́n fi kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Mo ní ṣé kí n máa tú u sí Hausa, nítorí òun ni gbogbo wa ń sọ ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, “Hausa ni mo fi ń ra ata. Mi ò lè fi í sunkún.” Yorùbá ni wọ́n fẹ́, Yorùbá Ìlọrin tí wọ́n gbé wá nígbà tí wọ́n tẹ̀lé ọkọ wọn, tó jẹ́ àáfà, wá sí Tamale. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

Irọ́ àkọ́kọ́ kéré. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó, wọ́n ń da nǹkan láti inú ìgò aláwọ̀ ewé sínú ife kékeré.

“Ọkọ mi, kí ni wọ́n ń mu?”

Opó àáfà ni Ìyá Àgbà. Bí mo bá ní ọtí ni, wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n náà, ó sì ku apá mẹ́tàlá. Mo ní, “Àgbo ni, Ìyá.”

“Àgbo kí ni?”

“Àgbo ibà.”

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ òpó iná, ó ń sunkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́. Ìyá Àgbà mi orí, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n gan-an. “Ibà yẹn ti pọ̀ lára rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà.” Mo ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Múlíká, ló kó mi sínú èyí tó tóbi. Ó fẹ́ fẹ́ Fuseini, ọmọ Dagomba, ẹ̀yà tó ni ìlú Tamale, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òyìnbó nílé-ìwé kan ní Sagnarigu. Fuseini ti wá kí Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀kan. Ó kí wọn bí àwọn Dagomba ṣe ń kí àgbà, ó lóṣòó, ó sì tẹrí ba. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà ní, “Ó lóṣòó síwájú mi bí ẹni tó fẹ́ ṣa ẹ̀pà.” Wọ́n sì ránṣẹ́ sí i pé kó má wá mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìlóṣòó ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n sọ òótọ́ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ìrẹsì: “Bí Múlíká bá lọ sí Sagnarigu, Dagbani ni ọmọ rẹ̀ á máa sọ. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ bá ọmọ náà ṣeré, ṣé ìwọ náà ni wàá máa tú u fún mi?”

Múlíká wá bá mi. “Àbúrò, ìyá àgbà inú fíìmù yẹn, èyí tí kò fẹ́ gba ọmọbìnrin tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́, ṣé o ò lè bá wa yí i lọ́kàn padà?”

“Nínú fíìmù?”

“Níbo tún ni ká ti bẹ̀rẹ̀?”

Ó dé apá kejìlá. Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù, ìyá olówó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé ọmọbìnrin náà jáde, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Mo gbé ohùn mi wálẹ̀, mo ní, “Ó ní, ‘Ọmọ mi, mo ti ṣe àṣìṣe. Wọlé kúrò nínú òjò.’”

Ìyá Àgbà wò ó dáadáa. “Bó bá ní kó wọlé, kí ló dé tó ń tì í?”

“Ó ń dì í mú ni, Ìyá. Ilẹ̀ ń yọ̀.”

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n bi Múlíká pé, “Ọmọ Dagomba yẹn, ṣé ara rẹ̀ le?” Múlíká dì mọ́ mi lẹ́yìn ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi léegun ìhà. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, akọni ni ǹ bá jẹ́.

Kò dúró síbẹ̀. Ìyá Àgbà ò lè dá irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ. Wọ́n lọ káàkiri Tishigu, wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá ará Ìlọrin pé kí wọ́n wá wo ìyá àgbà tó ronú pìwà dà. Wọ́n dá ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Wọ́n sì ní nítorí pé èrò á pọ̀, ó yẹ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Níbi wáàsí tiwa, àáfà kì í dá nìkan ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí à ń pè ní ajánàsí ló ń kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sókè, àáfà á wá tú u sí Yorùbá. “Bàbá yín ò ṣe wáàsí láìsí ajánàsí rí,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹ pe ọmọ Dagomba yẹn wá. Òyìnbó niṣẹ́ rẹ̀. Kó máa kà á, kí ọkọ mi máa tú u. Kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀.”

Mo wo Múlíká. Ojú rẹ̀ ti di eérú.

“Ṣé o sọ fún un?” ni mo fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi í.

“Fuseini kẹ̀? Bí mo bá sọ fún un, á wá jẹ́wọ́ ni. O ò mọ̀ ọ́n.”

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, mo ti síídì náà bọ inú àpò ìrẹsì, mo ní n kò rí i mọ́. Hajia Sáfú, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, yọ tirẹ̀ nínú báàgì, síídì kan náà gan-an. Ìwáàsù Ìyá Àgbà ló mú kó rà á. Mo wá ń retí kí iná lọ. Ojoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni iná ń lọ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ náà, iná dúró ṣinṣin bí ṣọ́jà.

Fuseini wọlé, ó lóṣòó kí gbogbo ilé, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè ní Òyìnbó pẹ̀lú ohùn tíṣà, èmi náà ń tú u. Àárín wa dùn títí ìgò aláwọ̀ ewé fi jáde. Fuseini kà á pé kí wọ́n gbé ọtí méjì sí i wá.

“Ẹ gbé àgbo ibà méjì sí i wá,” ni mo wí.

Fuseini yí ojú wò mí. Hajia Sáfú ní, “Àgbo ibà? Ẹni tó ni ilé ọtí tó kọjú sí ilé mi máa fẹ́ gbọ́ èyí o.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má da wáàsí rú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù. Ìyá olówó jáde sẹ́nu ọ̀nà. Fuseini ka ìlà náà, ó sì kà á tagbáratagbára, nítorí bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó fi ń lé èèyàn jáde, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú ọjà Tamale. Mo ní, “Ọmọ mi, mo ti ṣe àṣìṣe. Wọlé…”

Ẹ̀rín bú jáde lórí ẹní. “Wọlé bí i ti báwo?” ni Hajia Sáfú kígbe. “Ṣé irú wíwọlé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà ń ní ká wọlé nìyẹn?”

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo Fuseini. Fuseini ṣí ẹnu, Yorùbá ló sì jáde, ó ń rìn tìkọ̀-tìkọ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn: “Ìyá, ẹ má bínú. Ohun tí mo kà, kọ́ ni ó sọ.”

Gbogbo àwọn ìyá yíjú sí i.

“Kí ló wà níbẹ̀?” ni Ìyá Àgbà bi í. “Ìwọ ni kí o tú u.”

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. “Ó ní, ‘Jáde nílé mi. Ọmọ-ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹ láéláé. Má wá mọ́.’”

Ìyá Àgbà yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Nínú fíìmù, ọmọbìnrin náà ti rin gbindin. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀: “Bí mo ṣe sọ ọ́ sí ẹ nìyẹn, àbí?”

“Rárá, Ìyá. Ẹ̀yin ò pariwo. Òjò ò sì rọ̀.”

Hajia Sáfú fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Irọ́ tí ọmọ yìí ń pa, ìwọ ló ń pa á fún. Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀ báyìí.”

“Kí ló dé tí o ò dákẹ́?”

“Bí mo dákẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní gba ọ̀rọ̀ mi mọ́.”

“Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?”

“Múlíká. Ọdún kan. Ojú ń tì mí láti sọ, kò tíì dára.”

“Kò dára lóòótọ́,” ni Ìyá Àgbà wí, “ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.” Wọ́n wá yíjú sí Múlíká tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Jáde wá. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n wá. Bí wọ́n bá fẹ́ lóṣòó, kí wọ́n lóṣòó.”

Àwọn ìyá pariwo ayọ̀. Èmi dìde wọ́ọ́rọ́, mo ń wá ọ̀nà àbáyọ.

“Ìwọ, jókòó!”

Mo jókòó. Ìdájọ́ mi ni pé kí n padà sí apá kìn-ín-ní, kí n tú gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, kí Fuseini máa ṣọ́ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́rin ló gbà wá. Nígbà tí ìgò aláwọ̀ ewé dé, Ìyá Àgbà rọra bi mí: “Ọkọ mi, kí ni wọ́n ń mu?”

“Ọtí ni, Ìyá.”

“Ọtí!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. “Gbogbo àdúrà tí mo gbà fún ọkùnrin yẹn lórí ibà!”

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Tishigu ti ń pè mí ní Àgbo Ibà. Mo lè gbé ìwé àti bírò lọ bi ènìyàn lọ́rọ̀ lọ́jà lónìí, kí ìyá kan ní, “Àgbo Ibà, ohun tí mo sọ gan-an ni kí o kọ o!” Ohun tí mò ń kọ nìyẹn. Olóòtú mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í tún ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí ṣe kó lè dùn. Irọ́ mi dùn, ó mú ojú Ìyá Àgbà ṣomi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lílekoko tí ìyá olówó yẹn sọ gan-an, nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Fuseini, òun ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn.

Ìyá Àgbà ti ṣaláìsí. Kálukú ti wá ń dá wo dírámà tirẹ̀ lórí fóònù báyìí, pẹ̀lú nǹkan nínú etí, ẹnikẹ́ni ò sì nílò ògbufọ̀ mọ́. Nígbà mìíràn tí mo bá dá jókòó ń wo tèmi, mo máa ń bá ara mi níbi tí mo ti ń tú u sókè fún ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò sí lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Múlíká àti Fuseini ní Sagnarigu. Àbíkẹ́yìn Múlíká, tí wọ́n sọ ní orúkọ Ìyá Àgbà, jókòó tì mí, a jọ ń wo dírámà tuntun kan. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó, wọ́n gbé ìgò aláwọ̀ ewé kan kalẹ̀.

“Káwu,” ni ọmọ náà wí, bí a ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni níbí, Yorùbá rẹ̀ sì já geere, “kí ni wọ́n ń mu?”

Mo ṣí ẹnu. Fuseini, tó ń ṣe àmì sí ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ní igun yàrá, gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò wò mí. Ó kàn ń dúró.

“Ọtí ni,” ni mo wí.

Ó tún gbé bírò rẹ̀, ó sì ń báṣẹ́ lọ. Múlíká ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná.