Iná Agbédò Di Oúnjẹ Àlejò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Tọmọdé tàgbà Agbédò, ẹ fetí sílẹ̀! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó di ẹ̀wù ẹnìkejì mú, kó fetí sílẹ̀ ná. Láṣebìkan akéde ló ń lu agogo. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n rán, wọn ò rán ọgbọ́n orí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Iná ló rán an. Olóyè Ajíṣafẹ́ ni alága wọn. Wọ́n ní kí inú yín máa dùn. Ẹ mọ odò wa tí wọ́n fi símẹ́ǹtì dí, tó ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹ mọ wáyà tó gba orí òpó irin kọjá lókè òrùlé wa lọ sí Òkè-Ìtìsẹ̀, ìlú tó múlé tì wá. Wáyà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi èyí tó ki rọ́pò rẹ̀. Iná tí yóò máa gbé lọ fún wọn yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́ta! Ẹ pàtẹ́wọ́!

Ìṣòro kékeré kan ló wà. Odò kò pọ̀ sí i. Wáyà nìkan ló ki. Nítorí náà, inú gílóòbù yín ni ìlọ́po mẹ́ta náà yóò ti jáde. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹ má bínú, àlejò la ń kọ́kọ́ bù fún.

Àṣẹ kìíní. Láti ìrọ̀lẹ́ òní, bí oòrùn bá ti wọ̀, kí gbogbo ilé pa gílóòbù. Iná tó ń kọjá lókè orí yín, oúnjẹ àlejò ni. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í bu òkèlè nínú àwo àlejò.

Àṣẹ kejì. Fíríìjì kò gbọdọ̀ tutù mọ́. Ẹ máa kó aṣọ sí i.

Àṣẹ kẹta. Ẹ má fi ojú burúkú wo wáyà. Ẹ máa juwọ́ sí i. Ẹ máa sọ fún un pé ó dàbọ̀, kó bá yín kí wọn nílé.

Àṣẹ kẹrin ló lẹ̀ mọ́ Láṣebìkan lẹ́nu. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nílé ìgbẹ̀bí, èyí tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n pa òun náà. Wọ́n ní inú òkùnkùn ni ọmọ ti ń bọ̀, òkùnkùn kò ṣàjèjì sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ilé Olóyè Ajíṣafẹ́ kò sí nínú òfin yìí o. Epo bẹntiróòlù ló ń mu. Kò bá àlejò jẹun.

Ìjìyà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá bá gílóòbù títàn nílé rẹ̀, ewúrẹ́ kan! Lẹ́ẹ̀kejì, ewúrẹ́ náà àti ọmọ rẹ̀! Lẹ́ẹ̀kẹta, yóò kúnlẹ̀ lábẹ́ òpó irin lọ́jọ́ ọjà, yóò máa bẹ wáyà. Yóò máa bẹ wáyà títí wáyà yóò fi dáhùn!

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ìgbìmọ̀ ní àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ òwò.

Ẹ ṣáà mọ Mojírayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Láṣebìkan bí. Ó wà nílé ìgbẹ̀bí láti àná. Oyún àkọ́kọ́ ni. Màmá Sẹlíátù agbẹ̀bí ní ọmọ inú rẹ̀ kọ ìdí sísàlẹ̀, òun sì gbọ́dọ̀ rí ohun tí ọwọ́ òun bá ń ṣe. Láṣebìkan lọ dọ̀bálẹ̀ fún Olóyè nítorí gílóòbù kan yìí. Olóyè ní akéde tó bá rú òfin tó fẹnu ara rẹ̀ kéde, agogo yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á o, ẹ̀yin ará Agbédò. Ó ń kéde, ẹ̀rù ń bà á.

Ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Ìgbìmọ̀. Ohùn nìkan ni ti Láṣebìkan. Agogo dákẹ́. Ẹ lọ fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà yín.

*

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Láṣebìkan tún ti dé! Òfin ìjẹta ti gbó! Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ná!

Nírọ̀lẹ́ àná ni àwọn ará Òkè-Ìtìsẹ̀ wá gba iná létí odò. Ọba wọn rán Ìyálóde rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti so aṣọ funfun mọ́ súwíìṣì ńlá, wọ́n ní kí ìyá wá tẹ̀ ẹ́. Ìyá kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní orí òkè ni ìlú àwọn wà, àwọn ń rí Agbédò bí ẹní ń wo àtẹ́lẹwọ́. Tẹ́lẹ̀, iná máa ń tàn níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ìjẹta, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ó ní ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Irú iná wo wá ni èyí, tí onílé ò jẹ́ tọ́ wò?

Olóyè Ajíṣafẹ́ ṣáà ní ọ̀wọ̀ ni a ń bù fún àlejò. Ìyálóde ní òun gbọ́, ẹni tó fẹ́ fún èèyàn ní májèlé náà máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ìgbà tí àwọn bá rí i pé ẹ mu, àwọn náà á mu.

Ìgbìmọ̀ wá rántí wàyí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àṣẹ tuntun kìíní. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo gílóòbù ni kó tàn! Ti pálọ̀, ti ilé ìdáná, ti ilé adìẹ! Gbogbo gílóòbù!

Èkejì. Ẹ kó aṣọ kúrò nínú fíríìjì.

Kò sí ẹ̀kẹta. Ìjìyà kò yí padà o. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ewúrẹ́ kan! Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fi ewúrẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹ tan iná, Ìgbìmọ̀ kí yín. Wọ́n ní ó dùn. Títí ayé sì ni òfin yìí, kì í ṣe fún ọjọ́ kan, nítorí pé àwọn ará Òkè-Ìtìsẹ̀ ti gbé àga sórí òkè, wọ́n ń ṣọ́ wa. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá mu yó ni wọn yóò gbà. Wáyà tó ki náà ṣì wà lókè. Ẹyẹ ń sinmi lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ilé ìgbẹ̀bí ló kọjú sí òkè wọn. Nítorí náà, gílóòbù ibẹ̀ ni Olóyè sáré lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn, kí Ìyálóde lè rí i kó tó délé. Olóyè ò tilẹ̀ wo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mojírayọ̀ ni, ó ti ń rọbí láti ọ̀sán. Iná náà ni Màmá Sẹlíátù fi rí i pé ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn, ló bá tú u. Bó bá jẹ́ nínú òkùnkùn ni, Láṣebìkan ò mọ ohun tí ì bá máa kéde fún yín lónìí.

Obìnrin ni. Orúkọ ti bá a wá láti ọ̀run, Àìná ni. Ó ké, ó sì di ojú méjèèjì nítorí iná tí wọ́n ní kò tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Ìgbìmọ̀. Ohùn nìkan ni ti Láṣebìkan. Àmọ́ ẹ̀rín tó wà nínú ohùn náà lónìí, tirẹ̀ ni. Agogo dákẹ́. Ẹ lọ tan iná yín.