Èébì Òwìwí Nínú Ẹ̀kọ Ìyá Muníra

Ọjọ́ tí ìyàwó Bàbá Súnmọ́nù bá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ pàdé nínú ẹ̀kọ gbígbóná, mi ò ní gbàgbé rẹ̀ títí wọn yóò fi fi erùpẹ̀ bò mí. Eyín wà lára egungun náà, ó tò wẹ́kú bí eyín ayùn. Èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe débẹ̀. Èmi náà ni mo sì sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ayé òyìnbó ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀tà. Ẹ bá mi wo ara mi nígbà náà: ṣòkòtò kúkúrú kákí tí mo fi sítáàṣì sí títí ó fi le bíi pákó, táì lọ́rùn nínú ooru, àti èdè òyìnbó tí mo máa ń sọ sí ewúrẹ́ bí n kò bá rí ènìyàn sọ ọ́ sí. Ilé Ìyá Muníra ni mo ń gbé. Opó ni, ẹ̀kọ ló ń ṣe tà, ohun tó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan tó ń rí sí ọ̀ràn àgbẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní àwọn àgbẹ̀ lápá Adó-Odò ń pa òwìwí nítorí pé wọ́n kà á sí ẹyẹ àjẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gbà pé òwìwí ló ń bá wọn pa eku tó ń jẹ àgbàdo wọn. Ó fẹ́ ẹ̀rí. Ó ṣàlàyé fún àwa tíṣà pé odindi ni òwìwí ń gbé ẹran kéékèèké mì. Irun àti egungun tí kò bá dà nínú rẹ̀, yóò ká wọn jọ bí òkèlè, yóò sì bì wọ́n sílẹ̀ níbi tó ń sùn sí. Ẹni tó bá ṣa òkèlè bẹ́ẹ̀, tó rẹ ẹ́ sómi, tó tú u, tó sì to egungun inú rẹ̀ sórí pépà, yóò mọ ohun tí ẹyẹ náà jẹ. Lẹ́yìn èyí ló wá fi kún un pé òun ń wá akọ̀wé tí òun yóò mú lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni etí mi gbọ́ jù.

Ahoro ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn ìlú tí òwìwí fi ṣe ilé. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo bá òkèlè mẹ́jọ nílẹ̀, àmọ́ mo ti gbàgbé àpò, ni mo bá kó wọn sínú fìlà mi. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo kan Bàbá Súnmọ́nù télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àgbà ni, ọmọ Yorùbá kò sì gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láìdọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Òkèlè mẹ́jọ yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

“Kí nìyí, Tíṣà?”

“Iṣẹ́ ìwé ni, Bàbá.”

Wọ́n fi àlùmọ́gàjí yí ọ̀kan padà, wọ́n wò ó dáadáa. “Ìwé ti ń hu irun báyìí?”

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé sí wọn, mo ṣa ẹrù mi, mo sì lọ.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Muníra ti lọ lọ àgbàdo. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àwo tèmi, mo rẹ àwọn òkèlè náà. Ṣé ẹ rí i, n kò burú tán. Ṣùgbọ́n àwọn egungun náà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, bí mo bá ti ń da omi nù ni wọ́n ń bá a lọ. Mo wo ara ògiri, asẹ́ tí ìyá fi ń sẹ́ ògì wà níbẹ̀. Mo ní kí n yá a díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo to agbárí, itan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sórí pépà, mo sì kọ “eku” sábẹ́ gbogbo wọn lédè òyìnbó. Orí mi wú débi pé mo fi àlàyé kún un nípa àìmọ̀kan àwọn ará Ọ̀tà. Mo da omi sí asẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì péré, mo gbé e padà kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ni igbe sọ. Egungun kan ti há sí etí asẹ́, ó bọ́ sínú ògì, ó ti ibẹ̀ dé inú ife ìyàwó Bàbá Súnmọ́nù. Kí n tó dìde lórí ẹní, ojúde ti kún. Ẹnìkan ní haráàmù ni ìyá ń fi eku se ẹ̀kọ fún mùsùlùmí. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe eku lásán, oògùn àwúre ni. Àwọn oníbàárà ń da ẹ̀kọ wọn sí gọ́tà. Èmi, tí mo máa ń na ọmọ nítorí irọ́, dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbìyànjú láti má mí.

Mo wá gbọ́ ohùn Ìyá Muníra. Kò pariwo. “Ẹ gbé Kùránì wá kí n búra. Bí ẹ ò bá ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi mọ́, kí lèmi àti Muníra yóò jẹ?”

Ìyẹn ló gbé mi jáde. Ó yẹ kí n sáré jáde, àmọ́ mo kọ́kọ́ so táì. Mo mú pépà mi dání, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó wà níwájú pátákó.

“Ẹ fara balẹ̀. Ìyá ò fi eku se ẹ̀kọ. Èmi ni mo fi asẹ́ wọn sẹ́ nǹkan. Ọ̀dọ̀ òwìwí ni egungun yẹn ti wá.”

Gbogbo èrò fà sẹ́yìn.

“Òwìwí ṣe báwo?” Bàbá Súnmọ́nù ló bèèrè.

“Ó gbé e mì, sà, ó wá bì í.”

“Èébì òwìwí ni ìyàwó mi mu.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ.”

N kò tíì sọ òótọ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó wọn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìyá Muníra gba pépà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé yóò fà á ya.

“Tíṣà, ta ló sọ fún yín pé eku nìwọ̀nyí? Asín ni. Ẹ ò rí bí imú rẹ̀ ṣe gùn?”

Mo gba pépà mi padà. Ta ni kó kọ́ mi ní ìwé, obìnrin tí kò mọ ááfábẹ́ẹ̀tì? Mo fi “eku” sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó dé, ó fi ìka tọ imú àwọn agbárí náà. Ó ní asín ni. Kòkòrò ni asín ń jẹ, kì í bá ẹnikẹ́ni du àgbàdo. Mo wá rántí pé ẹnu mi ṣì wà, mo ní Ìyá Muníra ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí léèrè ìdí tí n kò fi kọ ọ́. Mo tún táì mi ṣe. Òun ò bèèrè ẹni tí Ìyá Muníra í ṣe. Ó fa “eku” rẹ́, ó kọ “asín”, ó sì wo àwọn egungun náà bí ẹlẹ́jọ́ ṣe ń wo ẹlẹ́rìí tó dà á. Ó ní òun yóò wá òwìwí mìíràn. Kò dárúkọ Abẹ́òkúta mọ́.

Ìyà tí Ìyá Muníra fi jẹ mí ni pé kí n máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò láràárọ̀, kí n máa mu ife àkọ́kọ́ lójú gbogbo ayé kí n tó lọ síléèwé. Oṣù méjì ni mo fi mu ún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń dúró wò mí, wọ́n á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà Òwìwí.” Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà padà.

Mo kọ́ ọgbọ́n. Bí a bá fẹ́ yá ohun tí ẹlòmíràn fi ń jẹun, ẹnu la fi ń tọrọ rẹ̀. Ẹni tí kò kàwé sì lè mọ ohun tí ìwé wa kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé obìnrin kan fẹ́ búra nítorí oúnjẹ ọmọ rẹ̀, èmi ń so táì. Bí mo bá rántí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, ojú a sì máa tì mí. Títí dòní, bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ fún mi, mo máa ń pa eyín pọ̀, mo sì máa ń fi eyín sẹ́ ẹ kí n tó gbé e mì.