Igba Àtúnṣe Trilokinath

Ẹ bá mi kí Trilokinath Bhargava o, kó tó bínú. Tí ẹ bá pè é ní Trilok lásán, kò ní dáhùn. "Ẹnjiníà Trilokinath, Ológo Wúrà" ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì dìde. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára ife tíì òun. Ọkọ sáfà! A-wo-kọ̀ǹpútà-kó-gbọ̀n! Ọdún mẹ́fà ló ti ń wo kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa ní Indore, kò sì sí ọ̀kan tó gbọ̀n rí.

Vaidehi Solanki ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ṣe àkọsílẹ̀ àtúnṣe tó wà lórí sáfà wa, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ wa. Nígbàkúùgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lórí ìkànnì oníbàárà, tí ẹnìkan sì tún un ṣe, ìlà kan á wọlé: ohun tó bàjẹ́, orúkọ ẹni tó tún un ṣe, ọjọ́. Ó tún kọ prógíráàmù kékeré kan, tó máa ń yọ àyè kan ṣoṣo, bíi ti orúkọ, láti inú gbogbo ìlà, tó sì máa ń ka iye ìgbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan fara hàn. Trilokinath ti sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun kọ ọ́.

Lóṣù kejì, ipò olórí ẹ̀ka sáfà ṣófo. Màdáámù Revathi, ọ̀gá àgbà, ń bọ̀ láti Chennai, ẹni tó bá sì tún nǹkan ṣe jù ni yóò fi jẹ olórí. Ẹ̀rù ń ba Vaidehi. Trilokinath ti búra pé bí òun bá débẹ̀, ọ́fíìsì Bhopal lòun máa kọ́kọ́ lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ Vaidehi nìkan ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ ní Indore.

Lọ́jọ́ tí Màdáámù dé, oúnjẹ àárọ̀ poha àti jalebi aládùn wà lórí tábìlì, Trilokinath sì wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ wá.

"Màdáámù, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Èmi kì í ka nǹkan o, kọ̀ǹpútà ló ń bá mi kà á. Vaidehi, tẹ̀ ẹ́!"

Vaidehi tẹ̀ ẹ́. Ó hàn lára ògiri gàdàgbà: Trilokinath, igba. Vaidehi, mẹ́sàn-án. Àwa tó kù, méjì méjì.

Vaidehi tún mẹ́sàn-án náà wò. Lóṣù kọkànlá nìkan, ohun tó tún ṣe ju mẹ́sàn-án lọ.

"Igba!" Màdáámù la ẹnu. "Ìwọ nìkan? Ṣé o tiẹ̀ máa ń sinmi báyìí?"

"Ìsinmi kẹ̀? Ọjọ́ ọdún Sankranti nìkan ni, Màdáámù. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, orí òrùlé ni mo wà tí mò ń já káìtì bébà gbogbo àdúgbò bọ́ lójú ọ̀run. N kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ wo fọ́tò!"

"Ó dáa. Ṣé prógíráàmù rẹ lè ka nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí orúkọ?"

"Ohunkóhun, Màdáámù! Àyè tó bá ṣáà ti wù yín!"

"Ka ọjọ́ fún mi. Tìẹ nìkan. Mo fẹ́ mọ bí o ṣe pín iṣẹ́ rẹ sí oṣù méjìlá."

Vaidehi gbójú sókè. Sáfà fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ ọjọ́, nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ìlà kan, á sì pa ọjọ́ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Vaidehi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ prógíráàmù náà á mọ̀.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá?"

"Kí lò ń dúró dè? Tẹ̀ ẹ́ jàre! Ìgbín!"

Ìgbín tẹ̀ ẹ́. Iye méjì péré ló jáde. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, ẹyọ kan. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, igba ó dín ọ̀kan.

Farhan, tó ń dán iṣẹ́ wa wò, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní? Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé Sankranti kọ́ nìyẹn?"

"Sankranti ni!" ni gbogbo wa dáhùn.

"Ọ̀gá o! Igba àtúnṣe, tòun ti káìtì lọ́wọ́!"

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Òógùn bo Trilokinath nínú kóòtù.

"Prógíráàmù yẹn kò mọ nǹkan kà!"

"Èyí tí ìwọ fúnra rẹ kọ?" Màdáámù bi í.

"Èmi kọ́ o! Vaidehi ló kọ ọ́!"

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ni Vaidehi wí.

Màdáámù ní kí Vaidehi mú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí sáfà tọ́jú ṣáájú Sankranti jáde, kó ka orúkọ inú rẹ̀. Vaidehi, ọgọ́fà. Farhan, ogójì. Gbogbo wa rí iṣẹ́ wa, tí Trilokinath ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí, gbà padà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá: Trilokinath, ẹyọ kan.

"Ká má rẹ́ ẹ jẹ," ni Màdáámù wí. "Ẹ ṣí ẹyọ kan náà."

Farhan dìde, ó kà á sókè: "'Ohun tó bàjẹ́: àwòrán Ẹnjiníà Trilokinath kéré jù lójú ìkànnì wa. Àtúnṣe: mo ti sọ ọ́ di ńlá.'"

Ẹ̀rín pa wá, jalebi bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Màdáámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Vaidehi, ìwọ ni olórí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ nìyí: dín àwòrán yẹn kù."

Vaidehi dín in kù. Ìlà tuntun sì wọlé lójú gbogbo wa, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ òní.