Mọ́tò Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tó ti fi ọkàn mi ṣe ilé, kò sì jọ pé yóò kó jáde mọ́. Títí di òní, bí mọ́tò bá ti kọrí sí ìsàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bíréékì, kódà bó jẹ́ ẹ̀yìn takisí ni mo jókòó sí. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní bá mi wí.

Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Mo ń kọ́ni ní Aràmọkọ, mi ò tíì gbéyàwó, mo sì ti ra ọkọ̀ eré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó wá ṣe ọ̀nà, tó ń padà sílùú rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, imú rẹ̀ gùn, ó sì lẹ́wà. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ṣọ́kì rẹ̀ ti kú, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó wà lẹ́bàá táyà, tó ń gba ìnira ọ̀nà mọ́ra kó má baà dé ara èrò. Bí mo bá bọ́ sí kòtò ní Èrìò, ọkọ̀ náà á máa jó títí mo fi dé Ìtàwúrẹ́.

Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nígbà náà, Fúnmiláyọ̀, nọ́ọ̀sì ní Ìjerò, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó àti alàgbà nínú ìjọ, ó sì ti sọ fún un pé òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tó ń fi mọ́tò sáré lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní kí n wá sin òun bí wọ́n ṣe ń sin àna. Láyé àtijọ́, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ì bá lọ kọ ebè fún un. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé tíṣà ni mí, ó ní kí n kúkú gbé òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ẹ̀fọ̀n, kí n sì gbé òun padà sílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìdánwò ni. Bí mo bá yege, màá gbé Fúnmi. Bí mo bá kùnà, ó parí nìyẹn.

Mo sáré lọ sí Iléṣà lọ wá ṣọ́kì. Ọkùnrin tó ń tà á kó oríṣiríṣi síwájú mi. Àwọn kan wà tó ga, tó rọ̀, tí kò ní ẹwà kankan. Àwọn kan wà tó pupa, tó ń dán. Ṣọ́kì tiwọn wà nínú ikùn sípíríǹgì, òrùka irin kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí èèyàn lè fi sípánà yí, láti gbé ọkọ̀ sókè tàbí láti mú un wálẹ̀. Líle wọn dà bí òkúta.

Ó bi mí pé, “Tíṣà, irú ọ̀nà wo lẹ ń tọ̀?”

“Ọ̀nà dáadáa ni.” Ojú tì mí láti dárúkọ ọ̀nà wa.

“Ẹrù ńkọ́?”

“Mi ò kì í gbẹ́rù.”

Ó wò mí. “Ará Èkìtì tí kì í gbé iṣu. Ẹ kú orí ire.”

Mo mú pupa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi, kí ẹ lè bá mi rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé bí mo bá yí i wálẹ̀ pátápátá, tí ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀, bàbá yóò rí i pé mọ́tò mi pàápàá mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Súnmọ́nù, mẹkáníìkì mi ní Aràmọkọ tó bá mi so ó mọ́ ọkọ̀, tún gbè mí lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kanlẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni.”

Lọ́jọ́ náà, láti Ìtàwúrẹ́ dé Òkè-Ìmẹ̀sí, kò sí òkúta tí abẹ́ ọkọ̀ mi kò kí. Eyín mi ń lu ara wọn. Mo débẹ̀ ṣá, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá wọ agbádá funfun jáde, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ kan mọ́tò náà.

“Ṣé ó rì ni?”

“Rárá o, Bàbá. Ó ń kí yín ni.”

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín, bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ki orí bọ inú ọkọ̀, fìlà rẹ̀ já bọ́. Ó tẹ ẹ̀yìn, kò gbà á. Ó wá di ilẹ̀kùn mú, ó tẹ orúnkún, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń sá kòkó lódìkejì ọ̀nà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ó ní, “Ayé mà ti yí o. Bàbá ìyàwó ló ń kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ.”

Bàbá jáde, ó nà ró. Ó ní, “Èmi kò ní wólẹ̀ fún mọ́tò ọmọ kékeré. Gbé e dìde.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fi aṣọ funfun mi dùbúlẹ̀ sínú eruku, mo ń fi sípánà yí òrùka. Mo yí tibí, mo yí tọ̀hún, mi ò fara balẹ̀ wò bóyá wọ́n dọ́gba. Nígbà tí mo dìde, ọkọ̀ náà ga bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lórí igi. Bàbá wọlé láìtẹ orí ba, a sì lọ.

A dé Ẹ̀fọ̀n láyọ̀. Ìpadàbọ̀ ló di wàhálà. Ẹ̀gbọ́n bàbá fi iṣu kún ìdí ọkọ̀ wa, obìnrin tó lawọ́ sì ni. Iṣu náà tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, imú rẹ̀ yọ sókè, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà. Bí a ṣe kọrí sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ta ló ń fà sí ọ̀tún, níbi tí bàbá jókòó sí, níbi tí ọ̀gbun wà. Mo fi sí jíà àkọ́kọ́, mo tẹ bíréékì títí ó fi ń rùn. Òógùn bò mí lójú, mi ò lè yọ ọwọ́ láti nù ún.

Ìyá kan tó ru igi ìdáná bá wa, ó sì kọjá wa. Ó bojú wẹ̀yìn.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ṣé kí n sọ fún wọn ní Ìtàwúrẹ́ pé ẹ ń bọ̀?”

Bàbá ní, “Bá wa sọ fún wọn.”

Lẹ́yìn náà ni kòtò kan dé. Mo gbọ́ gbàgà, òrùka ọ̀tún yọ, igun iwájú lọ́wọ́ bàbá sì dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ yí imú sí ọ̀gbun. Mo rí orí igi nísàlẹ̀. Mo fa ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì pẹ̀lú gbogbo agbára mi, a gé ọ̀nà kọjá, a fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri ilẹ̀, a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ ṣí, iṣu sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sísàlẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ṣáájú wa dé Ìtàwúrẹ́.



Bàbá bi mí pé, “Ṣé o ti kú ni?”

“Rárá, sà.”

“Èmi náà kò kú.”

Ó jáde. Ilẹ̀ ti dí ilẹ̀kùn tèmi, mo sì rá jáde gba tirẹ̀, mo já lulẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúkú dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. A fi ọkọ̀ sílẹ̀, a ń ṣa iṣu bọ̀ lójú ọ̀nà, mo ru èyí tí orí mi lè gbé, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Nígbà tí a ń dúró de takisí ní Ìtàwúrẹ́, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èmi àti Fúnmi ti parí.”

“Ta ló parí rẹ̀?” Ó ń gbọn eruku kúrò lára fìlà rẹ̀. “Ẹnì kan ti fi mọ́tò gbé mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn ṣáájú rẹ, ó fẹ́ Fúnmi bíi tìrẹ. Ó ń súfèé, mi ò fún un. Ìwọ, mo ń wo orúnkún rẹ, ó ń gbọ̀n bí ewé kókò. Ẹni tó bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ kò ní pa ọmọ mi. Wá mú un. Ṣùgbọ́n má fi nǹkan yẹn gbé e o.”

Takisí tó ga dáadáa la fi gbé ìyàwó. Mo ta ọkọ̀ eré náà, mi ò sì béèrè ibi tó gbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le. Ẹni tó bá fẹ́ yan ṣọ́kì, kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ọ̀nà tó ń tọ̀ àti ẹni tó fẹ́ gbé. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá sì ń sọ ohun tí wọ́n fi rí ìyàwó, ọ̀kan á ní ẹwà ni, òmíràn á ní ọ̀rọ̀ dídùn ni. Èmi á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rù ni mo fi gbé tèmi.