Pátákó Kóòṣì Juvénal

Bí ẹ bá dé Ìdáàṣà tí ẹ gbọ́ fèrè tó ń dún láìsí eré, Kóòṣì Juvénal ni. Fèrè yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní họ́kì, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Juvénal Afínjú, ọkọ dígí, a-rí-ojú-ara-rẹ̀-nínú-omi-gbàgbé-òùngbẹ. Bí ẹ bá ní kó ka àwọn òkè Ìdáàṣà, á ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Bàbá Éloi, àgbà tó fún wa nílẹ̀ tí a fi ṣe pápá, ní òun á wá sọ pápá náà lórúkọ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ìlú Lèma bá wá bá wa gbá. Kóòṣì ò dúró. Ó ti kan pátákó gbàràmù kan, ó kọ PÁPÁ JUVÉNAL sí i, ó fi aṣọ bò ó. Ó ní òun á gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé lójú gbogbo èèyàn, òun á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá, òun á sì tọrọ orúkọ náà níbẹ̀.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Rachelle, olórí àwọn ọmọ náà, tí iṣan itan rẹ̀ fà lọ́dún tó kọjá, bẹ Kóòṣì pé kí àwọn sáré díẹ̀, kí àwọn na iṣan.

“Kóòṣì, a ò tíì ṣe échauffement. Ara wa tutù.”

“Ara ta ló tutù? Ọmọ orí àpáta ni wá. Ṣé òkúta máa ń na ẹsẹ̀ kó tó yí lulẹ̀?”

Ó ní fọ́tò ni wọ́n máa fi àkókò yẹn yà. Mímú ara rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn eré ńkọ́? Ìgbà yẹn ni òun máa sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mira. Nígbà tó rí Rachelle tó ń na ẹsẹ̀ lẹ́yìn igi máńgòrò, ó ní kò ní gbá mọ́, kó lọ máa ṣọ́ pátákó. Ọmọ náà sunkún. Ó dùn mí, torí láti ọdún tó kọjá ló ti ń retí ọjọ́ yìí.

Bàbá Éloi dé, ó jókòó. Kóòṣì gbá bọ́ọ̀lù wọlé lóòótọ́, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ilé. Ló bá sáré, ó fò, ó dọ̀bálẹ̀, fèrè ọrùn rẹ̀ sì já bọ́ síwájú Bàbá.

Bàbá súre fún un, ó ní kó dìde. Kò dìde. Bàbá fi ọmọ kún un, ó fi ọlà kún un, ó fi ẹ̀mí gígùn lé e. Juvénal ò mira.

“Juvénal, ó tó. Dìde.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún yín díẹ̀ sí i.”

Àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó mọyì àgbà. Àgbà kì í dákẹ́ nígbà tí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ò tíì dìde, Bàbá wá súre títí ẹnu fi gbẹ. Ó ti ń súre fún àwọn ewúrẹ́ ilé Kóòṣì kí Rachelle tó sún mọ́ Bàbá.

“Bàbá, kì í ṣe ọ̀wọ̀ o. Iṣan itan rẹ̀ ló fà, kò lè dìde. Kò mú ara gbóná.”

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. A ò rí nǹkan tí a lè fi gbé e àfi pátákó. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò, gbogbo wa ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé olórúkọ lé e lórí. Bàbá ní òun ò lè fún pápá ní orúkọ tí ẹnìkan ti fi ṣe ibùsùn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, ó rí àwọn ọmọ tó ń na ẹsẹ̀, Rachelle níwájú. Ó wá fèrè lọ́rùn, kò rí i. Bàbá Éloi ló ń fọn ún fún wọn.