Ọmọ Kírọ́ídìnì Nínú Yàrá Yìnyín

Ẹ̀yin ará mi, nǹkan méjì ni Ẹlẹ́dàá tìtorí ẹ̀ dá ẹnu fún ọmọ ènìyàn: ká fi yìn ín, ká sì fi jẹun. Kò sẹ́ni tó sọ fún Olúyínká Ajíbọ́lá pé méjèèjì yẹn tó iṣẹ́ ṣe. Òun fi ìkẹta kún un. Ẹnu ló fi ń gbé Kírọ́ídìnì kiri gbogbo Ìsọlọ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì pàdé rẹ̀, Kírọ́ídìnì jẹ́ ìlú kan lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ nígboro máa ń sá lọ sùn tílẹ̀ bá ṣú. Ibẹ̀ ni Olúyínká ti ṣe kékeré, kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹ̀kún ife kan lọ. Omi tó fi là á ló kún àgbá.

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba ní kí wọ́n san fáwọn òṣìṣẹ́, ni mò ń sọ. Olúyínká jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí owó ọ̀hún dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra rédíò, àwọn mìíràn ra alùpùpù. Olúyínká ra kóòtù onírun àgùntàn, tòun ti ṣòkòtò àti wésíkóòtù rẹ̀, tó nípọn bí ẹní. Òun ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn oṣù kẹta. Kí wọ́n tó kọ orin ìkejì tán, òógùn á ti máa kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ìwé orin, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó tì í máa ń rọra fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kó bọ́ ọ, á ní rárá o, bí àwọn ṣe ń múra ní Kírọ́ídìnì nìyẹn.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀. Á ní bílẹ̀ bá mọ́ ní Kírọ́ídìnì, wàrà ti wà nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà olúkúlùkù, kò sì sẹ́ni tó máa jí i. Bàbá Àyàntúndé tó ni ilé bi í léèrè pé ajá ńkọ́. Ó ní ajá ibẹ̀ kì í mu wàrà oníwàrà. Á ní ọkọ̀ ojúurin ń gba ẹ̀yìn ọgbà àwọn kọjá, awakọ̀ rẹ̀ á sì yọ orí síta kí òun tòun torúkọ. Á sọ ti igi ápù tó wà lẹ́yìnkùlé, ti mọ́tò àìsìkirímù tó ń fi orin pe àwọn ọmọdé jáde, àti ti ọgbà onípákó tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ á lọ sọ́ọ̀ọ́kán, tí ohùn rẹ̀ á rọ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé ó ń ṣàárò nǹkan kan ní tòótọ́.

Bó bá ti dé orí òjò dídì báyìí, ó parí. Ó ní ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì lòun fi ń jáde lọ ṣeré nínú rẹ̀ títí di àṣálẹ́. Ó ní òtútù ò mọ ọ̀nà ara òun. Òjò dídì náà sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, kókósẹ̀ ló dé. Lásìkò Àjíǹde, ó ti dé orúnkún. Kó tó di Pẹ́ńtíkọ́sì, ó ti bo òrùlé, ihò èéfín ni Olúyínká gbà jáde lọ sí iléèwé.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Ìyá Lará, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni Olúyínká ti nílò ojú rere jù lọ láyé.

Ẹ̀yin náà á bi mí léèrè ìdí. Lará, olùkọ́ ọmọdé, tó ń kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ni Olúyínká fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀, Díákónì Olúbọ̀wálé, ti gbà. Ó ku ìyá. Bí ìyá kò bá sì gbà, kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Obìnrin náà ń ta ẹja inú yìnyín ní Bọ́ládé, kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Mo ti gbọ́ ẹnu ẹ̀ tó. Kó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, kí n rí òun fúnra ẹ̀."

Lálẹ́ Fúráìdé, lẹ́yìn ìdánrawò orin, Lará fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá Yínká, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Màámi lọ́la, ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ dákẹ́. Ẹ má dárúkọ Kírọ́ídìnì rárá. Wọn ò fẹ́ ẹni tí ẹnu ẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀ wọlé."

Olúyínká búra. Àpọ́sítélì kan náà búra rí, ẹ sì mọ ibi tó já sí, ṣùgbọ́n tìyẹn tilẹ̀ fara dà á di àkùkọ ìdájí.

Nígbà tí Olúyínká dé Bọ́ládé, oòrùn ti mú. Ó wọ kóòtù onírun àgùntàn rẹ̀, ó gbé agolo bísíkíìtì kan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Lará, ó jókòó sórí àpótí, ó dákẹ́. Ìyá Fàósátù wà níbẹ̀, obìnrin tó ń dín ẹja ní Òṣòdì, ó ń dúró de páálí ẹja kòtè mẹ́rin.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Yàrá yìnyín wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kóòdùrúùmù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin funfun tó nípọn bí ògiri. Ọ̀rọ̀ kì í là á kọjá. Kìkì ìró ohùn ló ń jáde, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Mùktárù, ará Ìlọrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ló máa ń wọlé lọ kó ẹja. Á wọ kóòtù ńlá ti sójà, á fi aṣọ we orí, á sì máa kọrin. Òfin Ìyá Lará ni. Ẹni bá wọ yàrá yìnyín gbọ́dọ̀ máa kọrin títí á fi jáde. Bí orin bá ń lọ, àlàáfíà ni. Bí orin bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, kí ẹni tó wà níta sáré ṣílẹ̀kùn, òtútù ti fẹ́ gbé e lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni Mùktárù ti ń kọ orin Mọ́líìdì àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀, débi pé aya díákónì wa máa ń hùn ún nídìí ẹ̀fọ́ láìmọ̀.

Mùktárù ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń dá sọ̀rọ̀ pé òtútù tòní yìí ń wọ egungun.

Olúyínká ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Àfi bí ẹni pé Lará wà níbẹ̀ tó ń gbàdúrà fún un.

"Òtútù wo?" ló sọ.

Ó tán. Ó dìde, ó ní ṣé èyí lẹ ń pè ní òtútù. Kírọ́ídìnì jáde, òjò dídì jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì jáde. Ìyá Lará ń wò ó títí ó fi dúró mí èémí.

"Ṣé o lè wọ ibẹ̀ lọ, ọmọ mi?"

"Màmá, bí ẹni ń padà sílé ni."

Mùktárù na kóòtù sójà sí i. Olúyínká fi ọwọ́ tì í dànù pẹ̀lú ẹ̀rín. Mùktárù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé títì síta ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn náà látinú kó tó ṣí, wọn kì í fà á, àti pé kó má gbàgbé láti máa kọrin. Àmọ́ ní àkókò yẹn, Olúyínká ti kọjú sí Ìyá Fàósátù, ó ń júwe ihò èéfín fún un. Ó wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé.

Ẹ rántí pé ó ti làágùn nínú kóòtù onírun àgùntàn yẹn láti Ìsọlọ̀ dé Bọ́ládé. Kò tíì mí lẹ́ẹ̀mẹta tí gbogbo òógùn ọ̀hún fi di yìnyín sí i lára. Kóòtù gan bí páálí. Ó nawọ́ sí páálí ẹja kìíní, ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Etí rẹ̀ dágbére fún un. Ó wo ọ̀tún, ẹja. Ó wo òsì, ẹja, gbogbo wọn la ojú sílẹ̀ sí i bí ìgbìmọ̀ tó ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Ó pinnu pé iṣẹ́ tó ṣe tó. Ó di irin ilẹ̀kùn mú, ó sì fà á.

Ó fà á, kò ṣí. Ó tún fà á, ó ń le sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, ó fà á bí ẹni ń fa ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté.

Ó wá figbe bọnu. "Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Mo kú o!"

Níta, Mùktárù mi orí. Ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀, Alihamudulilahi. Ìyá Fàósátù ní ohùn rẹ̀ ròkè o.

Olúyínká rí i pé Yorùbá Èkó kò mú nǹkan wá. Èdè Ìkọ̀lé Èkìtì ilé bàbá rẹ̀ ló wá bú jáde látinú ìfun, èyí tó ti sọ fún gbogbo Ìsọlọ̀ pé òun ò gbọ́. Ó ké bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń ké bí ìjàlọ bá wọ inú ìró rẹ̀.

Ìyá Lará tẹ́tí. Ó ní òun ò mọ orin yìí.

"Orin Kírọ́ídìnì ni," Ìyá Fàósátù dá a lóhùn.

Nígbà tó di pé ó ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn, orin ọ̀hún wá dùn létí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Fàósátù bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń mi èjìká. Ọkàn Ìyá Lará pàápàá ti ń rọ̀. Ó ń rò ó pé ọmọkùnrin tó lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù kó tún máa yin Ọlọ́run tó báyìí, bóyá òun ti ṣì í gbọ́. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ náà bí? Bí ọkùnrin yìí ṣe ń kígbe sí i ló ń sún mọ́ ìyàwó. Ká ní ó mọ̀ ni, bóyá ì bá tún fara dà á díẹ̀.

Kò mọ̀. Nígbà tó yá, ohùn tán. Ó gbé iwájú orí lé ilẹ̀kùn, ó bi Ọlọ́run léèrè nínú ọkàn rẹ̀ pé ta ló lè dúró bó bá rán òtútù rẹ̀ jáde, ó sì pa ẹnu mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ lódidi ọdún yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Mùktárù fò dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ń bọ̀ síta, Olúyínká sì tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di irin mú, ó rọ̀ mọ́ ọn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan jáde nínú iná ìléru ní ayé àtijọ́, òórùn iná kò sì sí lára wọn. Olúyínká jáde nínú yìnyín, òórùn kòtè wà lára rẹ̀ láti orí dé bàtà. Kóòtù ọ̀hún kò sì tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní.

Wọ́n fi kóòtù sójà wé e. Ìyá Lará fúnra rẹ̀ fi omi inú fúláàsì po àkàmu gbígbóná fún un nínú ife, ó mú ife náà sí i lẹ́nu bí ọmọdé. Nígbà tí eyín rẹ̀ dẹ́kun ìlù, obìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, òtútù tí o gbé inú ẹ̀ dàgbà dà?"

Olúyínká wo inú ife. Kò sí ibi tó lè sá sí.

"Màmá, ojú fèrèsé ni mo ti rí i." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Ọmọ iléèwé làwọn òbí mi nígbà yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé mi fún ìyá òyìnbó kan kó máa tọ́jú mi. N kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi mú mi padà sílé. Bí ìyá náà bá ṣílẹ̀kùn pẹ́nrẹ́n, ẹkún ni mo máa ń sun nítorí òtútù. Á gbé mi sórí àga nídìí fèrèsé, á fún mi ní wàrà gbígbóná, èmi á máa wo àwọn ọmọ tó kù bí wọ́n ṣe ń ṣeré níta. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń ta sánsán bí ọṣẹ. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ, ó dúró nídìí fèrèsé yẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Fàósátù fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan níbẹ̀.

Ìyá Lará gba ife, ó rọ àkàmu sí i.

"Èyí tí o sọ yìí, mo gbà á gbọ́," ló wí. "Òun ló yẹ kí o ti máa sọ látọjọ́ yìí. Sọ fún àwọn ará ilé ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ayọ̀ gbóná ju àkàmu lọ. Ẹ̀jẹ̀ padà sí ojú Olúyínká, etí rẹ̀ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù sójà, ó dìde, ó tún jókòó, ó mu àkàmu, ó lá ètè.

"Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Àkàmu yìí dùn. Àmọ́ wàrà Kírọ́ídìnì yẹn, ẹ ò mọ̀ ni, bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lówùúrọ̀ báyìí..."

Mùktárù ti bọ́ kóòtù sójà rẹ̀ kúrò lọ́rùn Olúyínká, nítorí ẹja Ìyá Fàósátù ṣì wà nínú yàrá yìnyín. Ó ń de bọ́tìnnì, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá," ó ní, "gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń pariwo, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìgbà tí ẹ dákẹ́ ló ṣí."